Bọ́ọ̀lù tó bá ọmọ yín mu, tó sì bá ilẹ̀ yín mu

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ eré lásán. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ẹlòmíràn á ní, "Kí ló kan nọ́ọ̀sì kan bọ́ọ̀lù?" Ẹ fara balẹ̀. Tí ẹ bá bá mi dúró ní yàrá tí a ti ń tọ́jú ọgbẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi, ẹ ó rí i pé ó kàn mí gan-an. Ọrùn ọwọ́ tó wú, orúnkún tó bó, ẹyinjú tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, iwájú orí tó so kókó: ìdí bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá.

Èyí kò wá sọ pé kí ẹ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ. Ó tì o. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó yẹ kí ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́tàdínlógún máa ṣe eré tó ń mú èémí yára fún nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́. Fún ọmọ tiwa níbí, bọ́ọ̀lù ló sún mọ́ ọn jù lọ. Ọkàn rẹ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa, eegun rẹ̀ á le, oorun rẹ̀ á sì dùn lálẹ́. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù tí a rà kò bá ọmọ mu, tàbí kò bá ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbá a mu.

OHUN TÍ OJÚ TÈMI RÍ

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara mi, kí ẹ má baà ní ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni mo ń rò. Ọmọ mi ọkùnrin kejì, tó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí, ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kérésìmesì ń bọ̀, mo sì ti ṣèlérí bọ́ọ̀lù fún un.

Ẹ̀yin náà mọ bí àwa ìyá ṣe ń rajà. Tí a bá ń ra bàtà, à á fi nọ́ńbà kan lé e. Tí a bá ń rán yunifọ́ọ̀mù, à á ní kí télọ̀ ṣẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò sínú kí ọmọ lè wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ra bọ́ọ̀lù. Èyí tó tóbi jù ni mo mú, nọ́ńbà 5, irú èyí tí àwọn àgbàlagbà fi ń gbá. Mo ní, yóò dàgbà bá a.

Ìyá ọkọ mi gbé bọ́ọ̀lù náà wò, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé bọ́ọ̀lù yìí ò tóbi ju ọmọ yìí lọ báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, ṣé ọmọ ń pẹ́ dàgbà ni?"

Odòdè níbí ni ilé wa wà, ẹ̀yìnkùlé wa sì jẹ́ ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì tẹ́. Ọkọ mi gbé bọ́ọ̀lù lọ sọ́dọ̀ fọ́káǹáísà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì fẹ́ ẹ títí ó fi le bí òkúta. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, gbá bọ́ọ̀lù náà kíkan. Ọmọ mi ló ń ṣọ́ gólì. Bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ na ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó ta padà sókè, ọmọ na ọwọ́ sí i, bọ́ọ̀lù sì ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Mo wà ní ilé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ igbe. Nígbà tí mo fi jáde, ọrùn ọwọ́ ọmọ mi ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Èmi tí mo ti di ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ láìmọye ìgbà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọwọ́ náà fi wà nínú POP. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo ń gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí ìrọ̀rí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi gbé bọ́ọ̀lù yẹn fún ẹlòmíì." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó ilé ìwòsàn lọ. Màámi gbọ́ ọ, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn wò mí ni.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Lọ́dún 2001, àwọn dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé British Journal of Sports Medicine lórí àwọn ọmọdé aṣọ́gólì tí ọrùn ọwọ́ wọn ṣẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ mú bọ́ọ̀lù. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí bọ́ọ̀lù tí ọmọ ń gbá jẹ́ èyí tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ohun tí ìyá ọkọ mi rí lójú lásán náà nìyẹn.

ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́

Bọ́ọ̀lù kì í ṣe bàtà. Bàtà tó tóbi, ẹ lè ki òwú sí i nímú. Bọ́ọ̀lù tó tóbi ju ọmọ lọ kò ní àtúnṣe. Eegun ọmọdé ṣì ń dàgbà, ibi tó sì ti ń dàgbà jù ni ìkángun eegun, nítòsí oríkèé. Ibẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀lù tó wúwo ń na. Tí ibẹ̀ bá bàjẹ́ tí a kò tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ, ọwọ́ náà lè wọ́ tàbí kó kúrú ju èkejì lọ.

Bọ́ọ̀lù ní nọ́ńbà, ẹ ó rí i lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́ọ̀lù olówó pọ́ọ́kú kì í sábà jóòótọ́. Nítorí náà, ẹ mú téèpù télọ̀ lọ sọ́jà. Ẹ fi yí bọ́ọ̀lù náà po níbi tó sanra jù, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹ́ ẹ tán. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí:

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún: bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́ tí a ń pè ní félélé, tàbí bọ́ọ̀lù fóòmù. Kò gbọ́dọ̀ kéré débi tó lè wọ ẹnu ọmọ. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní bọ́ọ̀lù kéékèèké rárá, torí ó lè há a lọ́nà ọ̀fun.

Ọmọ ọdún márùn-ún sí méje: nọ́ńbà 3. Téèpù á ka ínǹṣì 23 sí 24. Ìwúwo rẹ̀ á lé díẹ̀ ní 300 gíráàmù.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ sí méjìlá: nọ́ńbà 4. Téèpù á ka ínǹṣì 25 sí 26. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 350 sí 390 gíráàmù.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá sókè: nọ́ńbà 5. Téèpù á ka nǹkan bíi ínǹṣì 27 sí 28. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 410 sí 450 gíráàmù, bó ṣe wà nínú òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé.

Tí ọmọ méjì tí ọjọ́ orí wọn jìnnà síra bá fẹ́ jọ gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ọmọ kékeré ni kí wọ́n lò. Bọ́ọ̀lù kékeré kò ní ṣe ẹ̀gbọ́n ní nǹkan kan, ti ẹ̀gbọ́n lè ṣẹ́ àbúrò lọ́wọ́.

ILẸ̀ Ń YÍ BỌ́Ọ̀LÙ PADÀ

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa kì í rò dé. Bọ́ọ̀lù kan náà tó jẹ́jẹ́ lórí koríko, ó di ẹhànnà lórí sìmẹ́ńtì.

Àwọn tó ń ṣe eré mọ èyí dájú. Eré kan wà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní bowling. Ilẹ̀ pákó tàbí ike dídán tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 60 ni wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ kan, kó lè wó igi mẹ́wàá tó wà ní òpin rẹ̀. Wọ́n máa ń fi òróró pa ilẹ̀ náà. Ẹni tó mọ eré yẹn dáadáa kì í ní bọ́ọ̀lù ẹyọ kan. Tí òróró bá pọ̀, yóò mú èyí tí ara rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, yóò mú oníke tí ara rẹ̀ ń yọ̀, tó ń lọ tààrà. Bọ́ọ̀lù náà kò sì gbọ́dọ̀ wúwo ju pọ́ùn 16 lọ. Àgbàlagbà nìyẹn o, nínú ilé tí òjò kì í pa. Àwa wá ń kó bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fún ọmọ, a ní kó fi gbá a lórí sìmẹ́ńtì, lórí òkúta, nínú ẹrẹ̀, àti ní pálọ̀.

Kódà àwọn tó gba Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ jà nítorí bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1930, ní ìlú Montevideo, nígbà tí Argentina àti Uruguay fẹ́ gbá àṣekágbá, bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ni kálukú fẹ́ lò. Wọ́n wá pín in: bọ́ọ̀lù Argentina ní ìdajì àkọ́kọ́, ti Uruguay ní ìdajì kejì. Argentina ló ń borí pẹ̀lú gólì méjì sí ẹyọ kan nígbà tí wọ́n fi lọ sinmi. Nígbà tí wọ́n parí, Uruguay ti gbá mẹ́rin, Argentina sì wà ní méjì. Mi ò ní bọ́ọ̀lù nìkan ló ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò fi ojú kékeré wo bọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ wọn yóò kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilẹ̀ tiwa ní Ìdànrè níbí, níbi tí òkè àti àpáta ti yí wa ká, tí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ọ̀dà àti orí àpáta. Ilẹ̀ wọ̀nyí kì í gba agbára bọ́ọ̀lù, ńṣe ni wọ́n ń dá a padà. Bọ́ọ̀lù á ta sókè, á sì yára. Tí ilẹ̀ bá wá dà gẹ̀rẹ̀, bó ṣe pọ̀ ládùúgbò wa, ojú ọ̀nà tàbí inú gọ́tà ló máa bá lọ, ọmọ á sì sáré tẹ̀ lé e láìwo ọ̀kadà. Bọ́ọ̀lù tí kì í ta púpọ̀ ló dára níbí. Wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún eré bọ́ọ̀lù inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní futsal. Tí ẹ bá jù ú sílẹ̀ láti mítà méjì, kò gbọ́dọ̀ ta ju sẹ̀ǹtímítà 65 lọ. Ìyẹn kò ga ju ìtan àgbàlagbà lọ. Ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ lé ní 400 gíráàmù, nítorí náà àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ló wà fún. Tí ẹ kò bá rí i rà, tàbí tí ọmọ yín ṣì kéré, ẹ ra nọ́ńbà tó bá ọmọ mu, kí ẹ sì dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù. Félélé náà dára gan-an fún àwọn kéékèèké.

Ilẹ̀ pupa àti ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́. Irú èyí ló wà ní ọ̀pọ̀ pápá ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó máa ń fá ara bọ́ọ̀lù bí ìgbà tí a ń rin gàrí. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí ara rẹ̀ nípọn ló ń pẹ́ níbẹ̀. Tí awọ bọ́ọ̀lù bá ti ń ṣí, tí ó di ṣágiṣàgi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gbá mọ́, torí ó máa ń ya ọmọ lára. Ilẹ̀ yìí náà ló ń bó ọmọ lórúnkún jù, ẹ rí i dájú pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì ọmọ yín pé.

Koríko àti ilẹ̀ tútù. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, òjò kì í jẹ́ kí pápá gbẹ lọ́dọ̀ wa. Bọ́ọ̀lù aláwọ tó ti gbó, tí ojú rírán rẹ̀ ti là, máa ń mu omi, á sì wúwo sí i. Bọ́ọ̀lù tí omi kì í wọ̀ ni kí wọ́n lò. Tí ẹ bá gbé bọ́ọ̀lù lẹ́yìn òjò tí ẹ rí i pé ó wúwo ju ti àná lọ, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà kó gbẹ. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì gbé e sẹ́bàá iná.

Inú ilé. Ní pálọ̀ tí táìlì wà, tí sítóòfù àti ìkòkò ọbẹ̀ wà nítòsí, fóòmù tàbí félélé nìkan ni. Ẹ má gba nǹkan mìíràn láyè.

Ẹ tún gbọ́ ìkìlọ̀ kan. Àwọn ọmọ kan máa ń fi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì gbá mọ́ńkì póòsì ládùúgbò. Bọ́ọ̀lù ńlá bá ọmọ lójú, eegun tó yí ojú ká lè gbà á dúró díẹ̀. Bọ́ọ̀lù kékeré tó le kò rí bẹ́ẹ̀. Inú kòtò ojú ló ń wọ̀ lọ tààrà, ó sì lè fọ́ ojú.

Ẹ SỌ FÚN FỌ́KÁǸÁÍSÀ KÓ RỌRA

Nínú gbogbo ohun tí mo sọ, èyí ni kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ fọ́káǹáísà, táyà ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa ń gba nǹkan bíi 30 lórí géèjì tí wọ́n kọ psi sí. Bọ́ọ̀lù àwọn àgbà tó ń gbá ìdíje gan-an, láti 8.5 sí 15.6 ni òfin gbà. Ẹ wo bí àlàfo náà ṣe tó. Fún ọmọdé lórí ilẹ̀ líle, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kó wà, ní nǹkan bíi 8. Fọ́káǹáísà kò ṣẹ̀ yín o, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un pé ọmọdé ló fẹ́ gbá a, kó sì máa wo géèjì.

Tí kò bá sí géèjì, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ bọ́ọ̀lù náà. Tó bá wọlé díẹ̀, tó sì padà sípò, ó dára. Tí kò bá mì rárá, ó ti le jù. Ẹ fi abẹ́rẹ́ jò ó díẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé oòrùn máa ń mú afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù fẹ̀. Èyí tí ẹ fẹ́ láàárọ̀ tí ẹ gbàgbé sóòrùn, yóò ti le sí i ní ọ̀sán.

Ẹ MÁ JẸ́ KÍ ỌMỌDÉ MÁA FI ORÍ KÀN ÁN

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá ń fi orí kan bọ́ọ̀lù, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un. Orí ọmọdé wúwo ju bí ọrùn rẹ̀ ṣe lágbára tó lọ. Tí bọ́ọ̀lù bá bà á, orí á mì jìgìjìgì, ọpọlọ á sì mì nínú rẹ̀.

Agbábọ́ọ̀lù kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Jeff Astle, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ògbóǹtarìgì nínú fífi orí kan bọ́ọ̀lù. Ayé ìgbà bọ́ọ̀lù aláwọ tó ń mu omi ló gbá a. Lọ́dún 2002 ó kú lẹ́ni ọdún 59, lẹ́yìn tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé kò mọ ènìyàn mọ́. Ilé ẹjọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ló pa á. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Glasgow fi hàn pé ikú láti ọwọ́ àrùn tó ń ba ọpọlọ jẹ́ fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ pọ̀ láàárín àwọn tó ti fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe ní Scotland ju láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ.

Nítorí irú nǹkan báyìí, àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fòfin dè é lọ́dún 2015 pé kí ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀ má fi orí kan bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 2020, àwọn àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Northern Ireland ní kí wọ́n má ṣe fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀lù òde òní kò mu omi bíi ti àtijọ́, síbẹ̀ wọn ò gba ọmọdé láyè. Àwa tí bọ́ọ̀lù wa ṣì ń mu omi, kí ni ká wá ṣe? Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń dúró lẹ́bàá pápá, ọwọ́ yín lèyí wà.

Ẹ̀YIN ÀGBÀ, TIYÍN RÈÉ

Ewu àkọ́kọ́ fún yín ni bọ́ọ̀lù tí ọmọ fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tó tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lóru, ìbàdí rẹ̀ lè ṣẹ́, ìbàdí tó ṣẹ́ lọ́jọ́ ogbó kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ kan ìṣó kan sára ògiri, ẹ so àwọ̀n tàbí àpò kan kọ́ ọ. Ẹ ṣe é lófin: tí eré bá ti parí, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ lọ sókè.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù wúlò fún ẹ̀yin náà. Bọ́ọ̀lù fóòmù kékeré tó kún àtẹ́lẹwọ́, ẹ jókòó, ẹ máa fún un, ẹ máa tú u sílẹ̀, ní ìgbà mẹ́wàá fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ń ran ọwọ́ tó ti ń le lọ́wọ́. Ẹni tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ kọ lù ní láti kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Tí ó bá dunni, ẹ dúró. Ẹ tún lè jókòó sórí àga tó ní apá, kí ọmọ-ọmọ yín máa ju félélé sí yín, kí ẹ máa jù ú padà. Apá á na, ojú á jí, ẹ̀rín á sì wà nílé. Ẹ má lo bọ́ọ̀lù tó wúwo. Ẹ má sì dìde dúró gbá a lórí táìlì tàbí lórí ilẹ̀ tó tutù.

TÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀ ŃKỌ́?

Tí ọwọ́ bá wú tàbí tó tẹ̀: ẹ má fà á, ẹ má fi àdí tàbí rọ́ọ̀bù ra á. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà àti òrùka kúrò kí ó tó wú sí i. Ẹ ká páálí tàbí ìwé ìròhìn, ẹ fi gbé ọwọ́ náà bó ṣe wà, ẹ fi ìborùn so ó kọ́ ọrùn ọmọ, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n ya fọ́tò eegun. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé, níbi yòówù kí wọ́n ti di ọwọ́ náà, ẹ máa wo ìka ọmọ. Tí ìka bá tutù, tó bá dúdú tàbí tó funfun, tó ń ta á gan-an tàbí tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, wọ́n ti dì í le jù. Wàkàtí díẹ̀ péré lè mú kí wọ́n gé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ojú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Tí bọ́ọ̀lù bá bà á lórí: ẹ dá eré dúró fún ọjọ́ yẹn. Tó bá ń bì, tó ń sùn ṣáá, tó ń sọ ìsọkúsọ, tó dákú, tí gìrì mú un, tàbí tí omi bá ń jáde ní imú tàbí etí rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kíá.

Tí ó bá bà á lójú: ẹ má ra á, ẹ má kán omi ọmú, omi ṣúgà tàbí ìtọ̀ sí i. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹyinjú, tàbí tí ó ní òun ń rí bàìbàì, dókítà ojú gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn ọmọ mi. Nígbà tí wọ́n tú POP náà, ó kọ̀, kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó ń jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò wọ́n. Oṣù kan kọjá, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Lọ́jọ́ kan tí Màámi ti ọjà dé, wọ́n yọ félélé kan nínú agbọ̀n wọn, àwọ̀ ewé, tí kò tó iye owó ìṣù kan. Wọn ò pè é. Wọ́n kàn jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù náà mọ́ ògiri díẹ̀díẹ̀. Ọmọ wo ìyá àgbà, ó dìde, ó lọ tì í padà sí wọn. Báyìí ló ṣe padà sídìí bọ́ọ̀lù.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, a jọ lọ ra nọ́ńbà 4. Téèpù télọ̀ wà nínú báàgì mi. Ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo wọn bọ́ọ̀lù náà kí n tó sanwó.

Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá délé lónìí, ẹ gbé bọ́ọ̀lù ọmọ yín, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì wo ilẹ̀ tó ti ń gbá a. Kò ní gbà yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún. A ò ní fi owó ara wa ra ẹkún o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.